Bí Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Tó Wà Lókè Òkun Ṣe Lè Gba Ìwé Àṣẹ Ìkọ́ni Láì Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Thailand, ní Ṣáínà, ní Vietnam tàbí ní Dubai ni kò kẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì. Ẹni tó ka Mass Communication wà lára wọn, ẹni tó ka Accounting wà lára wọn, ẹni tó ka èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n tí kò sí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, náà wà lára wọn. Oyè àkọ́kọ́ àti ìwé ẹ̀rí TEFL, ìyẹn ti kíkọ́ àwọn àjèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi wọlé sẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń tó ọdún méjì mẹ́ta kí wọ́n tó rí i pé ìwé mìíràn ni àwọn iléèwé tó ń sanwó gidi, tí wọ́n tún ń san owó ilé àti owó ọkọ̀ òfuurufú lé e, ń béèrè. Ìwé náà ni ìwé àṣẹ ìkọ́ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní láísẹ́ǹsì.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó ń kọ́ni lọ́wọ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì fún odidi ọdún kan, nítorí pé físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà, owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé sì so mọ́ ọn pẹ̀lú. Thailand ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń kọ́ni níbẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbòmíràn náà yóò rí ohun tó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu.

Ohun tí ìwé àṣẹ jẹ́, àti ohun tí kì í ṣe

Ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń pò mọ́ ara wọn. Èkíní ni ìwé ẹ̀rí fún kíkọ́ àwọn àjèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bíi TEFL àti CELTA. CELTA tí Cambridge ń fúnni kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń gba nǹkan bíi wákàtí 120, ẹni tó ń kọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́fà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi níṣojú ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Síbẹ̀, òun nìkan kì í sọ ènìyàn di olùkọ́ iléèwé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Èkejì ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀, bíi NCE, B.Ed. àti PGDE (tí ẹni tó ti gboyè mìíràn máa ń ṣe lé e) ní Nàìjíríà, tàbí PGCE, irú PGDE náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ, tó jẹ́ pé ọ́fíìsì ìjọba tàbí ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ ló ń fúnni, tí ó sì lè gbà á padà bí olùkọ́ bá hùwà tí kò tọ́. Agbára láti gbà á padà yìí ló mú kí àwọn agbanisíṣẹ́ fọkàn tán an, torí pé ibì kan wà tí wọ́n lè kọ̀wé sí láti béèrè bóyá orúkọ ẹni tó wá síwájú wọn ṣì mọ́.

PGCE ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà jù. Àwọn yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà lókè òkun ní PGCE láti ọ̀nà jíjìn, àwọn kan nínú wọn sì ń pè é ní PGCEi. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, a sì lè ka àmì rẹ̀ mọ́ oyè master's lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n kò ní QTS nínú, bẹ́ẹ̀ QTS yìí ni ipò olùkọ́ tó kájú òṣùwọ̀n lójú ìjọba England. Mo ti rí ẹni tó san owó rẹpẹtẹ lé e lórí kí ó tó mọ̀. Bí ẹ bá rí PGCE nínú ìpolówó, ẹ kọ ímeèlì sí yunifásítì náà, kí ẹ béèrè ní gbólóhùn kan ṣoṣo bóyá QTS tàbí iQTS (ti àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ lẹ́yìn odi England) wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ta ni ẹ fẹ́ fi ìwé náà hàn?

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ orúkọ iléèwé mẹ́ta tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú sílẹ̀, kí ẹ sì lọ ka ìpolówó iṣẹ́ wọn fínnífínní. Iléèwé tó ń lo ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò máa dárúkọ QTS. Èyí tó ń lo ti Amẹ́ríkà yóò béèrè ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Iléèwé tó wà lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ Thailand yóò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín tọ́ lójú Khurusapha, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ náà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ọdún 2003. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ni yóò kọ ọ́ pé kí ẹni tó ń wáṣẹ́ jẹ́ olùkọ́ tó kájú òṣùwọ̀n ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ohun tí èyí sì túmọ̀ sí fún ọmọ Nàìjíríà ni TRCN, ìyẹn Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́ ní Nàìjíríà.

Lójú tèmi, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. TRCN ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, ibi yòówù kí ẹ fẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí ẹ bá ti pinnu pé iléèwé Amẹ́ríkà nìkan ni ẹ óò máa ṣiṣẹ́ fún títí ayé. Owó rẹ̀ kéré sí ti ilẹ̀ òyìnbó lọ́nà tó jìnnà, ẹ̀kọ́ PGDE tó ṣáájú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi tí yóò yí bí ẹ ṣe ń kọ́ni padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbà tí ẹ bá dé iwájú ìgbìmọ̀ olùkọ́ ti ilẹ̀ mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n kà yín sí olùkọ́ níbi tí ẹ ti wá.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ níbí kí owó ẹnikẹ́ni má baà ṣòfò. Ìwé àṣẹ kò lè tún ọ̀rọ̀ físà ṣe níbi tí ìwé ìrìnnà gan-an ti jẹ́ ìdíwọ́. Ní Kòríà Gúúsù, fún àpẹẹrẹ, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè méje ni físà E-2 tí wọ́n fi ń gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà fún ní gbogbogbòò, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Ẹni tó ní irú ibẹ̀ lọ́kàn kí ó yanjú ọ̀rọ̀ físà ná.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ìwé yín jọ, kí orúkọ orí wọn sì bára mu

Ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń gba àsìkò jù nínú ètò yìí. Ìwé ni. Ẹ tẹ́ sábúkéètì WAEC, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìwé NYSC, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti ìwé ìrìnnà sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ orí wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ṣúnlékè lè jẹ́ Oshunleke lórí WAEC, kí ó jẹ́ Osunleke lórí ìwé yunifásítì, kí ó tún di Osun Leke lórí ìwé ìrìnnà nítorí pé akọ̀wé kan rò pé orúkọ méjì ni. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní London tàbí ní Washington kò mọ̀, kò sì sí ohun tó kàn án nínú àlàyé àwa Yorùbá lórí lẹ́tà ṣ. Ìṣòro ti àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ tún le ju èyí lọ, nítorí pé orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé ẹ̀rí, orúkọ ọkọ ló sì wà lórí ìwé ìrìnnà.

Ohun tí ẹ óò ṣe ni pé kí ẹ búra ní kóòtù lórí orúkọ náà, kí ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì pa odidi ojú ewé ìwé ìròyìn náà mọ́, kì í ṣe apá tí ẹ gé jáde nìkan. Ẹni tó ti ṣègbéyàwó kí ó fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kún un. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìrìnnà ni kí ẹ máa lò lórí gbogbo fọ́ọ̀mù láti ọjọ́ náà lọ.

Transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo èsì ìdánwò yín ní yunifásítì, ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ óò kọ̀wé sí ni kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ń lọ pàápàá, kí ẹ sì wá àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan tó lè yọjú sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe é, nítorí pé fáìlì tí kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ lè sùn síbẹ̀ pẹ́ títí.

Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague tó jẹ́ kí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tó fún ìwé tó ń lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí yín yóò gba ọ̀dọ̀ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá kọjá, yóò lọ sí Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, kí ó tó dé ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ lò ó níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì kúrò nílé kí ó ṣe é kí ó tó wọ bàlúù. Ẹni tó ti wà lókè òkun yóò ní láti kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún ẹnì kan nílé, kí ó sì fi àwòrán ojú ewé ìwé ìrìnnà rẹ̀ tì í.

Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tún wà, ẹ óò sì nílò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti gbé. Ti ilẹ̀ Thailand, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní Bangkok ni ẹ óò ti gbà á, ó sì rọrùn jìnnà láti gbà á nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀ ju ìgbà tí ẹ bá ti kó lọ sí Dubai lọ. Bákan náà ni lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́. Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gba lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ iléèwé, tí ó sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí ẹ kọ́, iṣẹ́ tí ẹ kọ́ wọn, àti iye wákàtí ní ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá iléèwé tó mọ̀ yín lónìí lè ti lọ ní ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá gbapò rẹ̀ kò sì ní fọwọ́ sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: TRCN, láti PGDE dé ìdánwò

Òfin 31 ti ọdún 1993 ló dá TRCN sílẹ̀, ìsọ̀rí mẹ́rin ni ó sì pín àwọn olùkọ́ sí. Ìsọ̀rí A wà fún àwọn tó ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, B fún àwọn tó ní master's, C fún àwọn tó ní oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tàbí oyè mìíràn pẹ̀lú PGDE, D sì jẹ́ ti àwọn tó ní NCE. Bí ìwé yín bá ti ní ẹ̀kọ́ olùkọ́ni nínú, bíi B.Ed. tàbí B.A.Ed., ẹ fo ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé èyí. Ẹni tó ní B.A., B.Sc. tàbí HND lásán ni ó kù láti bá sọ̀rọ̀.

PGDE ni ẹ óò ṣe. Ibi méjì tí wọ́n ti ń kọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn tó gbajúmọ̀ jù ni National Teachers' Institute ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, àti NOUN, yunifásítì tí kò ní ògiri. Ìwé kíkà àti iṣẹ́ àṣetiléwá lè wáyé láti yàrá yín ní Bangkok. Ìdánwò àti ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni, ìyẹn TP, ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, nítorí pé ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Nàìjíríà ni wọ́n sábà máa ń fi ìdánwò sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe ibùdó tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ béèrè oṣù tí ìdánwò máa ń bọ́ sí, bóyá wọn yóò gba TP tí ẹ bá ṣe ní iléèwé tí ẹ wà lókè òkun, àti ẹni tí yóò fọwọ́ sí i bí wọ́n bá gbà á. Ìdáhùn tí wọ́n fi ẹnu sọ lórí fóònù kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Kàlẹ́ńdà ilẹ̀ Thailand ṣe àwọn tó wà níbẹ̀ lóore díẹ̀. Àárín oṣù Kẹta ni àwọn iléèwé ìjọba máa ń ti, wọn kì í sì ṣí padà títí di àárín oṣù Karùn-ún. Ìsinmi kúkúrú mìíràn tún wà nínú oṣù Kẹwàá. Bí ẹ bá lè mú kí ìdánwò tàbí TP bọ́ sí ìsinmi gígùn yẹn, owó ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀: ìdánwò, ìbúra ní kóòtù, òǹtẹ̀ ní Àbújá, àti kí ẹ fojú kan àwọn ará ilé.

Lẹ́yìn PGDE ni ìdánwò TRCN fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PQE, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kéde kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, torí pé ọjọ́ ìdánwò lè yí padà. Ìlànà tí TRCN gbé kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ni ó yẹ kí ẹ kà kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín iṣẹ́ olùkọ́ sí, ìyẹn ìmọ̀, ọgbọ́n iṣẹ́, ìwà, àti ojúṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun má fojú kéré apá tó jẹ mọ́ ìtàn ẹ̀kọ́ nílé. Ènìyàn lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ Thai ní present perfect bí ẹni mọ owó, kí ó sì ti gbàgbé pé 1977 ni Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kọ́kọ́ jáde, tàbí pé ọdún 2004 ni òfin UBE, ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, di òfin. Ẹ fi Piaget, Bloom àti Vygotsky, àwọn onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, kún un, kí ẹ má sì há wọn sórí. Ẹ mú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan láti inú kíláàsì tiyín.

Àwọn kan yóò wá sọ fún yín pé àwọn mọ ẹni tó lè bá yín jókòó ṣe ìdánwò náà. Ẹ yẹra fún wọn. Gbogbo ìníyelórí ìwé yìí dúró lórí pé ọ́fíìsì kan yóò jẹ́rìí pé òótọ́ ni, ìwé tí ẹ̀rí rẹ̀ bá wó sì lè ba físà àti iṣẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹ bá ti yege, ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé àṣẹ yóò tẹ̀ lé e. Ẹ má dúró síbẹ̀. TRCN tún ń kọ lẹ́tà kan tó ń sọ pé olùkọ́ yìí forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé kò sì ní ẹ̀sùn lọ́rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Letter of Professional Standing. Lẹ́tà yìí ni ìgbìmọ̀ ilẹ̀ mìíràn máa ń fẹ́ rí jù, kì í sì í pẹ́ kí ó tó gbó, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá ti fẹ́ lò ó gan-an ni kí ẹ béèrè fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé àṣẹ kejì

England ni ọ̀pọ̀ ń wò. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba England ti ṣí ọ̀nà QTS sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, Gánà, Jàmáíkà, South Africa àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan mìíràn, orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n sì ti ń béèrè fún un. Ìròyìn náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà kejì: fún àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, olùkọ́ ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti àwọn èdè ni wọ́n ń wá, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16, àwọn èdè tí wọ́n ní lọ́kàn sì ni irú Faransé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ń béèrè oyè àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìrírí iṣẹ́ tó tó ọdún ẹ̀kọ́ kan, àti ẹ̀rí pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ni níbi tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé French tàbí Physics ni ẹ kà ní yunifásítì, tí ẹ sì ṣe PGDE lé e, ilẹ̀kùn yìí wà fún yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ń kọ́ni lọ́wọ́. Ẹ ka ojú ewé GOV.UK fúnra yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n lè yí ìlànà náà padà.

iQTS ni ó bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mu jù. Ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba England gbé kalẹ̀ ní 2022 ni, kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi lè kẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbi tí wọ́n wà, ẹni tó bá parí rẹ̀ sì lè gba QTS lẹ́yìn náà. Nǹkan bí ọdún ẹ̀kọ́ kan ni ó ń gbà, àwọn yunifásítì àti àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni ó sì lè kọ́ ọ. Ẹ óò nílò oyè àkọ́kọ́, pẹ̀lú èsì Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tó bá grade 4 ti GCSE, ìdánwò iléèwé girama ní England, dọ́gba, níbi tí WAEC yín yóò ti tún jáde. Owó rẹ̀ pọ̀. Bí iléèwé yín bá jẹ́ ti ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò san díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ sì ṣèlérí ọdún méjì fún wọn. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ju bí àwọn olùkọ́ ṣe rò lọ, ẹni tí kò béèrè ni kì í rí i. QTS kì í ṣe físà. Iléèwé tó bá fẹ́ gbà yín ní England ṣì gbọ́dọ̀ lè ṣe onígbọ̀wọ́ yín.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ tó wà ní Éṣíà mọ̀ jù ni ti Washington, D.C., níbi tí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní OSSE ti ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Moreland University, tí ń jẹ́ TEACH-NOW tẹ́lẹ̀, ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ 12 tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìdánrawò nínú iléèwé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò Praxis fún iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ni, àti ìtẹ̀ka fún FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà. Àjọ bíi WES ni yóò túmọ̀ oyè yín sí ti Amẹ́ríkà, transcript tó sùn ní yunifásítì yẹn ni wọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè. Ẹ tún ṣírò aago: Bangkok fi wákàtí 11 tàbí 12 ṣáájú Washington, nítorí náà ìpàdé tí wọ́n fi sí aago méje alẹ́ níbẹ̀ jẹ́ aago mẹ́fà tàbí méje òwúrọ̀ yín, kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ní ti Thailand fúnra rẹ̀, ìwé ìyọ̀ǹda ọlọ́dún méjì ni Khurusapha máa ń fún ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, iléèwé ni ó sì ń bá a béèrè. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè máa tún gbà títí láé. Nínú ohun tí wọ́n máa ń gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún ìwé àṣẹ gidi ni oyè nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tàbí oyè mìíràn pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìkọ́ni láti orílẹ̀-èdè ẹni, ibẹ̀ ni TRCN sì ti tún wúlò. Ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń bójú tó ìwé àwọn àjèjì ní iléèwé yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀ gbogbo lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ óò ṣe fi iṣẹ́ yín ṣe ìdánrawò

Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni yóò béèrè pé kí ẹ kọ́ni nínú iléèwé gidi níṣojú olùkọ́ tó mọṣẹ́. Iléèwé èdè alaalẹ́, níbi tí àgbàlagbà mẹ́fà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ọ́fíìsì, kì í sábà kà. Iléèwé tó ní ètò ẹ̀kọ́, tó ní àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn bá ìwé àṣẹ tí ẹ ń wá mu, ni wọ́n ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé iléèwé èdè ni ẹ wà, ẹ yí iṣẹ́ padà ná, bí owó oṣù ibi tuntun náà tilẹ̀ dín díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá olùtọ́nisọ́nà. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, kí ó sì ṣe tán láti wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì yín léraléra. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kò dára fún un. Ìyìn nìkan ni yóò kọ, àwọn tó ń yẹ fáìlì wò sì mọ ìyìn ọ̀rẹ́ lójú. Ẹ sọ fún ọ̀gá iléèwé kí ẹ tó sọ fún un, torí pé ọ̀gá ni yóò yọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi lẹ́sìn nóòtù kan ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ká ní kíláàsì ọmọ ọdún 12 ni, wọ́n tó 40, past simple sì ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ète pé àwọn ọmọ yóò mọ past simple. Olùyẹ̀wò yóò fa ìlà sí i. Ohun tí ó ń wá ni ohun tí òun lè fi ojú rí tàbí fi etí gbọ́: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè sọ ohun mẹ́ta tí ó ṣe lánàá fún ẹni tó jókòó tì í, kí méjì ó kéré tán nínú rẹ̀ sì tọ̀nà. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ báyìí, ẹ ti mọ ìgbà tí ẹ óò dákẹ́, ẹ ti mọ ohun tí ẹ óò máa gbọ́ bí ẹ ti ń rìn láàárín àga, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ óò ṣe fún àwọn tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ náà. Olùtọ́nisọ́nà tó dára yóò kọ sílẹ̀ pé àwọn mẹ́ta tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò lanu títí agogo fi dún. Ẹ má bínú sí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe fún àwọn mẹ́ta náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tì í, torí pé ìwé méjì yìí pa pọ̀ níye lórí ju lẹ́sìn nóòtù tí kò ní àbùkù kankan lọ.

Ẹ máa fi ọjọ́ sí gbogbo ìwé. Ẹ bo orúkọ àti ojú àwọn ọmọ nínú ohunkóhun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda iléèwé kí ẹ tó ya fídíò, nítorí pé àìṣe bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹni tó ń wá ìwé àṣẹ di ẹni tí wọ́n ń wádìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí ìwé bá dé

Ọjọ́ tí ó bá dé, ẹ yẹ orúkọ, ìsọ̀rí, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, kíá ni kí ẹ kọ̀wé, torí pé àtúnṣe ń ṣòro sí i bí ìwé bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kan sí ímeèlì ara yín, kí ẹ sì fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé. Ìwé tó bá ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè yóò béèrè pé kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹ ṣí fáìlì kan fún gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá lọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye wákàtí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ bá iléèwé yín lórí owó oṣù. Ní Thailand, ọ̀pọ̀ iléèwé ń tún àdéhùn ṣe kí wọ́n tó ti fún ìsinmi oṣù Kẹta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìwé náà wà lórí tábìlì wọn ṣáájú ìgbà náà, kí ẹ béèrè nínú lẹ́tà pé kí wọ́n gbé yín sí ìpele àwọn olùkọ́ tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ má sì fọwọ́ sí àdéhùn tuntun kí èsì lẹ́tà náà tó wọlé.